Ìrànwọ́ Ìjọba fún Akanda Ẹ̀dá àti Inṣọ́ránsì Ìlera n'Ékòó: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Látìgbà tí dánfó ti gbá àbúrò mi ọkùnrin l'Ójúẹlẹ́gba, tí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀, ojúlé wa ní Ṣómólú ti di ibi táwọn aládùúgbò ń yà sí tí wọ́n bá fẹ́ béèrè nǹkan nípa ìrànwọ́ ìjọba. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá ọkọ ẹ̀ dúbúlẹ̀ á wá, ìyá ọmọ adití á wá, àwọn míì á pè láti Ìsàlẹ̀ Èkó, láti Ìyànà-Ìpájà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá, mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bi mí, kí n sì dáhùn ẹ̀ bí mo ṣe rìn ín fúnra mi, torí ọdún méjì gbáko la fi sáré kiri ká tó mọ ohun tá a lè mọ̀ lọ́sẹ̀ kan.

Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba máa ń sanwó oṣù fún akanda ẹ̀dá?

Rárá o. Èyí ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, torí ibẹ̀ làwọn oníjìbìtì ti ń rí wa mú. Kò sí owó kankan látọ̀dọ̀ ìjọba Èkó tàbí ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ afọ́jú tàbí tí ẹsẹ̀ yín kan bá ti lọ, á máa bọ́ sí àkáǹtì yín lóṣooṣù bó ṣe máa ń rí fáwọn ará Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Owó tẹ́ ẹ gbọ́ nípa ẹ̀ lọ́dún 2023, ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹta tí Ààrẹ Tinubu kéde pé àwọn máa fún ìdílé mílíọ̀nù 15, owó ìdílé aláìní nìyẹn, inú ìwé tí wọ́n ń pè ní National Social Register ni wọ́n ti ń mú orúkọ. Akanda ẹ̀dá lè wà níbẹ̀, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì sáré náà lè wà níbẹ̀, ipò òṣì ni wọ́n wò, wọn ò wo ara.

Ohun tó wà fún wa fọ́n ká ni. Ìwé ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ àwọn kan, inṣọ́ránsì ìlera wà lọ́dọ̀ àwọn míì, owó ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tún wà níbòmíì, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín kó o jọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rìn ín. Torí náà ẹni tó bá pè yín pé kẹ́ ẹ san ₦5,000 fún "fọ́ọ̀mù disability" kí owó oṣù lè bẹ̀rẹ̀, ẹ pa fóònù yẹn. Obìnrin kan ní Bàrígà san án, ó tún san òmíì lọ́sẹ̀ kejì, owó oúnjẹ ọmọ tó gbé pọ̀n ló fi san án, ó dùn mí wọra.

Kí wá ni òfin fún wa, tí kò bá fún wa lówó?

Òfin méjì ni kẹ́ ẹ mọ̀. Ti Èkó ló kọ́kọ́ dé, Special People's Law tí Gómìnà Fashola buwọ́ lù lọ́dún 2011, òun ló dá LASODA sílẹ̀, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akanda ẹ̀dá n'Ékòó. Ti ìjọba àpapọ̀ dé lẹ́yìn ẹ̀, Buhari buwọ́ lù ú ní January 2019 lẹ́yìn tí àwọn akanda ẹ̀dá ti jà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin yẹn sọ pé ẹni tó bá fi ìyàtọ̀ ara yan ẹ jẹ, tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà ni, tó bá jẹ́ èèyàn kan ṣoṣo, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí méjèèjì. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ sílẹ̀ fún akanda ẹ̀dá. Ó fún gbogbo ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà, ọdún márùn-ún yẹn sì ti pé ní January 2024. Ẹ wá wo bánkì tó wà nítòsí yín, ẹ wo ilẹ̀kùn tó ń yí po yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ ibẹ̀.

Ta ni wọ́n ń kà sí akanda ẹ̀dá? Ọmọ mi ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n warapá ń mú un.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ àti ojú nìkan. Ẹni tí etí ẹ̀ ò gbọ́ràn wà níbẹ̀, afín wà níbẹ̀, ràrá wà níbẹ̀, ọmọ tí ọpọlọ ẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, ẹni tí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ ti bà jẹ́, ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ṣé nǹkan náà máa wà lára ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti pé ṣé kì í jẹ́ kó lè ṣe ohun tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣe. Ti warapá, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń mú un tó àti ohun tí ò jẹ́ kó lè ṣe, kẹ́ ẹ sì gbé ìwé yẹn lọ. Ẹ má lọ fi ẹnu ṣàlàyé.

Mo tún fẹ́ sọ èyí fáwọn ìyá tó ń gbé ọmọ pa mọ́ sínú yàrá torí ohun tí aládùúgbò máa sọ: ọmọ tí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé kankan, kò sí ètò tó lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ gbé e jáde, ẹ jọ̀ọ́.

Báwo ni mo ṣe máa forúkọ sílẹ̀ ní LASODA?

Alausa, n'Íkẹjà, ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà dókítà lọ́wọ́ ọsibítù ìjọba kẹ́ ẹ tó lọ, lẹ́tà tó sọ ohun tó ṣe yín gan-an, tó ní sítáǹpù lórí, torí lẹ́tà ilé ìwòsàn kékeré tí ò ní sítáǹpù la kọ́kọ́ gbé lọ, wọ́n sì dá wa padà. Tó bá jẹ́ etí ni, èsì àyẹ̀wò etí. Tó bá jẹ́ ojú, èsì ilé ìwòsàn ojú. Ẹ mú NIN, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, àti nǹkan tó fi hàn pé Èkó lẹ̀ ń gbé, bíi bíìlì iná. Tí ẹni náà ò bá lè rìn, kí ẹlòmíì kọ́kọ́ lọ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má gbé aláìsàn gorí afárá Third Mainland nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ kí wọ́n tó sọ fún yín pé pásípọ́ọ̀tù ò pé.

Kí ni ìwé LASODA wúlò fún? Ìwé yẹn ló ń sọ fún ìjọba pé ẹ wà láyé. Tí wọ́n bá fẹ́ pín kẹ̀kẹ́ arọ, ọ̀pá, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, tàbí tí wọ́n fẹ́ mú orúkọ àwọn tí ìjọba máa san inṣọ́ránsì ìlera fún, àwọn tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń pè. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀, Adenike Oyetunde-Lawal, ẹsẹ̀ kan lòun náà fi ń rìn, kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ máa ṣàlàyé fún pé ọ̀pá ń dun apá. Ìyẹn wú mi lórí gan-an ni.

Kí ni Ìlera Èkó?

Inṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni. Iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tí wọ́n ń pè ní LASHMA ló ń bójú tó o, òfin tó gbé e dúró ti wà láti 2015. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lẹ máa sanwó, ẹ mú ilé ìwòsàn kan tó sún mọ́ yín nínú àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀, tí ara ò bá yá yín ibẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ lọ, tó bá ju agbára wọn lọ wọ́n á kọ lẹ́tà kẹ́ ẹ máa lọ sí ọsibítù ńlá. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, ìyẹn bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin tí wọn ò tíì pé 18, ₦40,000. Iye owó inṣọ́ránsì kì í dúró sójú kan, ẹ béèrè ti òní kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì.

Ìjọba àpapọ̀ ní tiẹ̀. NHIS la mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, òfin tuntun tó jáde ní May 2022 ló sọ ọ́ di NHIA, òfin yẹn sì sọ pé dandan ni kí gbogbo èèyàn ní inṣọ́ránsì ìlera. Ní July 2024 Gómìnà Sanwo-Olu náà buwọ́ lu àṣẹ pé dandan ni n'Ékòó. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti NHIA ló ń lò, òun, ìyàwó tàbí ọkọ ẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí wọn ò tíì pé 18, àmọ́ tí wọ́n bá kọ oògùn fún un, á san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn yẹn lápò ara ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn, wọ́n á ní wọ́n fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ ní fámásì, rárá, bí ètò ṣe wà nìyẹn.

Mi ò lówó tí mo máa fi san án. Ṣé mo lè wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́?

Ó ṣeé ṣe, ibí yìí gan-an sì ni ìwé LASODA ti ń sanwó ara ẹ̀. Òfin Èkó ní kí ìjọba máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nínú owó tó ń wọlé fún ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ fún inṣọ́ránsì àwọn aláìní. Òfin ìlera ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2014 náà yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiẹ̀ sọ́tọ̀, ìdajì owó yẹn ló sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn onínṣọ́ránsì kí wọ́n fi tọ́jú tálákà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Òfin NHIA tún wá dárúkọ àwọn tó ń pè ní aláìlágbára: ọmọdé tí ò tíì pé márùn-ún, aláboyún, àgbàlagbà, akanda ẹ̀dá, aláìní.

Àmọ́ owó yẹn ò kárí gbogbo wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wọ́n máa ń mú orúkọ ni, orúkọ tó sì wà nílẹ̀ ni wọ́n ń mú. Ẹ lọ sí kánsù yín, ẹ béèrè ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akanda ẹ̀dá, ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń forúkọ aláìní sílẹ̀ fún Ìlera Èkó. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tá a lọ ni wọ́n tó kọ orúkọ àbúrò mi, nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ sì sọ pé bí a ò bá tún wá lọ́jọ́ yẹn, à bá ti pàdánù ẹ̀.

Kí ni Ìlera Èkó ń ṣe fún akanda ẹ̀dá, kí ni kì í ṣe?

Ó dáa fún àìsàn tó ń mú gbogbo èèyàn. Ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà, oyún àti ìbímọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọmọ tí ara ẹ̀ ń gbóná lóru. Fún àbúrò mi, ẹ̀jẹ̀ ríru tó mú un lẹ́yìn jàǹbá yẹn, Ìlera Èkó ló ń tọ́jú ẹ̀, a kì í san kọ́bọ̀ fún dókítà.

Ohun tó jẹ́ ti àìlera ara gan-an ló máa ń fa wàhálà. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, físíò oṣù lórí oṣù, ẹni tó máa ń wá tọ́jú èèyàn nílé: ọ̀pọ̀ inṣọ́ránsì, ti ìjọba àti ti aládàáni, kì í fọwọ́ kàn wọ́n, tàbí kí wọ́n fọwọ́ kan físíò díẹ̀ kí wọ́n dúró. Torí náà nígbà tẹ́ ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ má béèrè "ṣé ó dáa?", gbogbo wọn ló máa ní ó dáa. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni: ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè ṣe físíò lọ́dún? Tí ọ̀pá mi bá ṣẹ́ ńkọ́? Oògùn warapá tí mò ń lò, ṣé orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé oògùn yín? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ níwájú wọn.

Fún ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ọsibítù eegun ti Ìgbóbì, ní Yábàá, ni ọ̀pọ̀ èèyàn Èkó ń lọ, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é nínú ọgbà wọn. Ti ọpọlọ, ọsibítù ọpọlọ ti Yábàá náà wà, a ṣáà mọ̀ ọ́n, orúkọ ẹ̀ la fi ń bú ara wa, ìyẹn ò sì dáa rárá, torí èèyàn tó ń gba oògùn ẹ̀ níbẹ̀ tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ pọ̀. Òfin 2019 yẹn sọ pé ẹni tó ní ìpèníjà ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Tí wọ́n bá kọ bíìlì fún yín, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ òfin yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aláìsàn níbẹ̀, àwọn medical social worker.

Ṣé kí n tún ra ti HMO aládàáni lé e?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn dáadáa, torí ó ti jẹ wá nílé. HMO làwọn kọ́ńpìnnì tó ń ta inṣọ́ránsì ìlera.

Àfikún dáa tó bá ń dí ihò tí ti ìjọba ò dí. Tí Ìlera Èkó bá ti ń tọ́jú ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru yín, tẹ́ ẹ wá lọ ra HMO tó kéré jù, tó tún ń tọ́jú ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, owó lẹ dà sómi. Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí àìlera yín ń ná yín lọ́dún sórí ìwé kan: físíò, oògùn, àyẹ̀wò, iṣẹ́ abẹ tí dókítà ní ó lè wáyé. Kẹ́ ẹ wá gbé ìwé yẹn síwájú ẹni tó ń ta HMO, kẹ́ ẹ ní kó fi ìka hàn yín èyí tí wọ́n máa san àti iye tí wọ́n máa san dúró sí. Tí kò bá lè fi ìka hàn yín nínú ìwé wọn, tó kàn ń ní "mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀", ẹ dìde.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pre-existing. Mọ́mì mi ni mo fi kọ́ ọ. A ra HMO fún wọn, ọmọkùnrin tó tà á fún wa wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Balógun, orí fóònù ẹ̀ ló ti ń kọ fọ́ọ̀mù, ó bi Mọ́mì pé "ṣé ẹ ní àìsàn kankan?", Mọ́mì ní rárá. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa o. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀jẹ̀ ríru tí èèyàn ń lo oògùn ẹ̀ tó sì ń ta ọjà ẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Oṣù karùn-ún, rọpárọsẹ̀ mú wọn láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday. Kọ́ńpìnnì yẹn béèrè fáìlì wọn lọ́dọ̀ ọsibítù, wọ́n rí i pé ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní àwọn ò san kọ́bọ̀. Owó àjọ la fi gbé wọn jáde. Àjọ tí mo fẹ́ fi ra ọjà Kérésì.

Torí náà ẹ sọ gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú, tí ẹ ò bá lè kà á, ẹ ní kí ọmọ yín kà á sókè. Tí wọ́n bá ní torí ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ máa dúró oṣù mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ti àìsàn yẹn, ìyẹn sàn, ẹ lè ka oṣù yẹn. Ẹni tó pa á mọ́ ò lè ka nǹkan kan.

Nǹkan kékeré kan tó ṣe pàtàkì: kóòdù. Tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù pẹ̀lú HMO, wọ́n á pe kọ́ńpìnnì kí wọ́n fún wọn ní kóòdù kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò tàbí físíò. Ẹ lè jókòó wákàtí mẹ́ta. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà wọn sínú fóònù yín, ẹ̀yin náà ẹ máa pè wọ́n láti orí bẹ́ǹṣì, ẹ má dá a dá nọ́ọ̀sì.

Ibi iṣẹ́ ni ẹ̀rọ ti gé ìka ẹ̀gbọ́n mi, n'Ílùpéjú. Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé.

Kó má lọ sílé! Òfin Employees' Compensation Act ti 2010 wà. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún NSITF, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, torí irú ọjọ́ báyìí náà ni. Kì í ṣe owó òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń yọ, owó ọ̀gá ni. Kí ẹ̀gbọ́n yín sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kó kọ ọ́ sórí ìwé kó sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ méje. Ọdún kan ni ẹ̀gbọ́n yín ní láti fi béèrè owó náà. Tó bá burú débi pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé, òfin sọ pé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹ̀ ni wọ́n máa máa san fún un. Ẹ ya fọ́tò ọwọ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ ya fọ́tò ẹ̀rọ náà, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá á fún un ní ₦50,000 kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Ìka kan ju ìyẹn lọ.

Owó pẹ́ńṣọ̀n mi ńkọ́, mi ò tíì pé 50?

Tí dókítà tàbí ìgbìmọ̀ dókítà bá kọ ọ́ pé ara yín tàbí ọpọlọ yín ò lè ṣiṣẹ́ yẹn mọ́, òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 gbà kẹ́ ẹ gba owó yín láìdúró di 50. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tọ́jú pẹ́ńṣọ̀n yín, ẹ mú ìwé dókítà dání.

Ọsibítù ní ká sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tí mọ́tò gbá. Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Òfin ní rárá. National Health Act ti 2014, ẹsẹ 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì fún ìdíkídìí. Ìtanràn ẹ̀ jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí ò ju oṣù mẹ́fà tàbí méjèèjì. Lọ́jọ́ ti àbúrò mi, a ò mọ̀. A dúró ní ẹnu ọ̀nà ibì kan tó tó wákàtí kan àtààbọ̀, à ń pe ẹ̀gbọ́n, à ń pe pásítọ̀, ká lè rí owó tí wọ́n béèrè. Dókítà tó wá gé ẹsẹ̀ yẹn níbòmíì sọ fún mi pé àkókò tó kọjá ló jẹ́ kó burú tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ "ẹsẹ 20" sẹ́yìn káàdì ATM mi báyìí. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ dárúkọ òfin náà sókè, ẹ bi wọ́n pé kí ni orúkọ ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn.

Màmá mi ń gba owó disability ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ padà wálé wá sinmi ní Sùúrùlérè. Ṣé owó yẹn á tẹ̀ lé wọn?

Ó dá lórí èyí tí wọ́n ń gbà. Tó bá jẹ́ SSDI, ìyẹn èyí tó ti inú owó orí tí wọ́n san nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ wá, ọmọ ìlú Amẹ́ríkà lè máa gbà á kódà tó bá ń gbé Nàìjíríà. Tó bá jẹ́ SSI, ti ẹni tí ò ní lọ́wọ́, tí wọ́n bá fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, á dúró. Orúkọ méjèèjì jọra, ẹ wo lẹ́tà wọn dáadáa.

Ti ìlera ló le. Medicare, inṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà tí ẹni tó ń gba SSDI máa ń rí lẹ́yìn oṣù 24, kì í sanwó ọsibítù Èkó. Àwọn inṣọ́ránsì àfikún kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Medigap, Plan G àti Plan N wà lára wọn, tó ń san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó pàjáwìrì nílẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti san dọ́là 250 lápò ara yín, àmọ́ ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́ ìrìn àjò nìkan ni, kò sì lè ju dọ́là 50,000 lọ ní gbogbo ayé ẹni. Ti ẹni tó wá kí ará ilé fún oṣù kan nìyẹn. Ẹni tó bá wá gbé ibí, àfi kẹ́ ẹ ra inṣọ́ránsì ibí fún un kí bàálù tó balẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo àìsàn wọn bí mo ṣe sọ lókè.

Wọ́n ní kí n tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn, ọ̀pá méjì ni mo sì fi dúró.

Ẹ̀yin lẹ ṣáájú, òfin 2019 ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà ló sọ pé kí ọsibítù pèsè ẹni tó lè bá adití sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ẹ lọ síwájú, ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́, akanda ẹ̀dá ni mí". Ọ̀pọ̀ èrò Èkó á yà fún yín, ẹni tó wà níbi fèrèsé ló máa ń ṣagídí.

Wọ́n kọ̀ fún mi. Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó kọ̀ fún yín lẹ́nu lè yí ohùn padà lọ́la, ẹni tó kọ ọ́ sórí ìwé ti di nǹkan míì. Ti Ìlera Èkó, ẹ lọ sọ́dọ̀ LASHMA fúnra wọn. Ti HMO, NHIA ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, ibẹ̀ lẹ máa kọ lẹ́tà sí. Ti ìfiyàjẹ akanda ẹ̀dá, LASODA n'Ékòó, tàbí National Commission for Persons with Disabilities ní Àbújá. Tí owó lọ́yà ò bá sí, Legal Aid Council wà, òfin ìjọba ló dá wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa gba ẹjọ́ aláìní rò.

Ọ̀ràn ti Mọ́mì, a ò kọ lẹ́tà kankan nígbà yẹn. Inú bí wa, a sunkún, a sanwó, a lọ sílé. Ó ṣì ń ká mi lára.

Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ. Kí ni kí n mú dání?

Nọ́ńbà NIN àti fọ́tòkọ́pì ẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́tà dókítà, ojúlówó pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì, ẹ má fún wọn ní ojúlówó. Pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin. Bíìlì iná. Orúkọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò, ẹ kọ ọ́ sórí bébà bó ṣe wà lára páálí. Ẹ gba agbára sí fóònù lóru. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ kúrò nílé kí aago mẹ́fà tó lù, ẹ mú omi, kí ẹni tí ò lè dúró pẹ́ mú àpótí tó ń ká dání torí àga ibẹ̀ kì í kárí. Ẹ kó gbogbo ìwé sínú náílọ́ọ̀nù méjì torí òjò, kẹ́ ẹ sì mú báírò méjì, ẹnì kan á yá ọ̀kan lọ kò ní dá a padà.